Ìlú Tí Kò Ní Oníbodè: Ìrìn Wa láti Lọ́ńdọ̀nù dé Schengen

Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa nílé a máa rò pé ẹni tí ó bá ti tẹ Lọ́ńdọ̀nù ti tẹ gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù. Kò rí bẹ́ẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Fisà tí a fi wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó mọ. Ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, bí ó bá fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Páríìsì fún ọjọ́ méjì péré, ó ní láti gba ìwé mìíràn tí wọ́n ń pè ní fisà Schengen. Gbogbo arìnrìn-àjò ni ó mọ orúkọ yìí, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ pé orúkọ ìlú kékeré kan ni. Èmi tí a bí ní Òkè-Ọdẹ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ti fi ẹsẹ̀ mi tẹ ìlú náà. Mo fẹ́ ròyìn ohun tí a rí níbẹ̀ fún yín, nítorí ó kan ọjà yín, ó kan ilé-ìwé yín, ó sì kan ọ̀nà ilé wa.

Ní oṣù August ọdún 2022, nígbà tí àwọn ọmọ wà ní ìsinmi, àwa mẹ́fà ni a jọ gbéra: èmi àti ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa méjì, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ ará Òmù-Àrán, àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n wá bẹ̀ wá wò láti Ìlọrin. Oníṣòwò aṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń ná ọjà Kútọnu àti Lomé, kò sì sí ibi tí ọ̀nà yẹn ti yà tí wọn kò mọ̀. Ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà lọ́wọ́ èmi àti ìdílé mi. Aláwọ̀ ewé ti Nàìjíríà ni ti ọ̀rẹ́ mi àti ti ẹ̀gbọ́n mi.

Wàhálà fisà kì í ṣe kékeré. Wọ́n máa ń béèrè ìwé báńkì, ìwé ibi tí ènìyàn yóò sùn, àti íńṣọ́ránsì tí ó lè san owó ìtọ́jú tó 30,000 euro bí àìsàn bá dé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè kan, wọ́n kọ̀ fún wọn, owó tí wọ́n san kò sì padà. 80 euro ni owó náà nígbà yẹn. Láti oṣù June ọdún 2024, ó ti di 90. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Láti ọjọ́ tí mo ti ń tajà, n kò tíì rí oníṣòwò tí ń gba owó, tí kò gbé ọjà sílẹ̀, tí kò sì dá owó padà.” Ẹ̀ẹ̀kejì ni wọ́n tó rí fisà gbà.

Ibùdókọ̀ ojú irin St Pancras ni a ti wọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ gan-an ni àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Faransé ti ń yẹ ìwé wò, kí ènìyàn tó wọ ọkọ̀ rárá. Ọkọ̀ náà gba abẹ́ òkun kọjá, nínú ihò kan tí wọ́n ṣí ní ọdún 1994. Ihò náà gùn tó 50 kìlómítà, nǹkan bí 38 nínú rẹ̀ sì wà lábẹ́ òkun. Ọmọ mi kékeré béèrè bóyá ẹja wà lókè orí wa. Ẹ̀gbọ́n mi kò dáhùn. Wọ́n di ojú, ẹnu wọn sì ń mì jẹ́jẹ́ títí a fi rí ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí wákàtí méjì kọjá díẹ̀, a dé Páríìsì. Ní ọjà Château Rouge, ẹ̀gbọ́n mi rí iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti epo pupa, wọ́n sì ná iṣu náà ní èdè Faransé tí wọ́n kọ́ ní ọjà Kútọnu, títí olùtajà fi rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kẹta, a tún wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Luxembourg. Ilẹ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n wọ́n ní nǹkan tí ó yà wá lẹ́nu: láti ọjọ́ 29 oṣù February ọdún 2020, ènìyàn kì í san kọ́bọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú irin káàkiri ilẹ̀ náà, ìbáà ṣe onílé, ìbáà ṣe àlejò. Ẹ̀gbọ́n mi na owó sí awakọ̀, awakọ̀ sì mi orí. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ yìí ni ó gbé wa dé Schengen.

Ẹ̀yin ará, n kò rò pé Schengen tó ìdajì Òkè-Ọdẹ. Ilé díẹ̀ ni, ọgbà àjàrà bo òkè tí ó yí i ká, odò Moselle sì ń ṣàn níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ Luxembourg, ti Jámánì àti ti Faransé ti pàdé. Ní apá ibẹ̀, odò náà kì í ṣe ti ẹnì kan; Luxembourg àti Jámánì ni ó jọ ni ín. Lórí odò yìí, nínú ọkọ̀ omi kan tí ń jẹ́ Princesse Marie-Astrid, ni àwọn aṣojú Faransé, Jámánì ti Ìwọ̀-oòrùn, Bẹ́ljíọ̀mù, Nẹ́dálándì àti Luxembourg ti fọwọ́ sí ìwé ní ọjọ́ 14 oṣù June ọdún 1985 pé àwọn yóò mú oníbodè kúrò láàárín ara wọn. Ó di oṣù March ọdún 1995 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè méje. Lónìí, 29 ni wọ́n. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti to fìlà àwọn aṣọ́bodè oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè sí, bí ìgbà tí a bá kó ohun ìjà àwọn baba ńlá wa pa mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni a gun afárá lọ sí òdì kejì odò. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣí ìwé ìrìnnà wọn sílẹ̀ síbi àwòrán, wọ́n dì í mú gírígírí, ojú wọn sì ń wá ẹni tí wọn yóò nà án sí. A rìn títí, a sọ̀kalẹ̀ lórí afárá.

Wọ́n ní, “Àbúrò mi, níbo ni àwọn oníbodè wọn wà?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti wà ní Jámánì.”

Wọ́n dúró, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n tún wo iwájú. Ìlú Perl ni a wà. Owó euro kan náà tí a ná ní Páríìsì ni a fi ra búrẹ́dì níbẹ̀. Láti Perl a fi ẹsẹ̀ rìn wọ Apach, tí í ṣe ilẹ̀ Faransé. A ti tẹ ilẹ̀ mẹ́ta kí oúnjẹ ọ̀sán tó tó jẹ, láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n pa ara wọn bí ẹran nínú ogun 1914 sí 1918 àti ti 1939 sí 1945.

Kì í ṣe pé àwọn Òyìnbó ti di áńgẹ́lì o. Ẹnu ọ̀nà ìta wọn le koko, ẹ̀yin náà sì ti gbọ́ ohun tí ojú ẹ̀gbọ́n mi rí. Láti ọjọ́ 16 oṣù September ọdún 2024 pàápàá ni Jámánì ti dá ọlọ́pàá padà sí gbogbo ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà tí a ṣí lónìí, bí a kò bá ṣọ́ ọ, yóò tún padé.

Èyí tí ó dùn mí ni pé ìwé tiwa ti pẹ́ ju tiwọn lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù May ọdún 1979, ní Dakar, ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kejì láìgba fisà, kí ó sì lo 90 ọjọ́. Ó fi ọdún mẹ́fà ṣáájú Schengen! Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè bí ọ̀nà Èkó sí Lomé ti rí. Etíkun Togo kò ju nǹkan bí 56 kìlómítà lọ, síbẹ̀ ìdúró tí ń bẹ lójú ọ̀nà kò lóǹkà, okùn níhìn-ín, igi lọ́hùn-ún, ẹni tí ó wọṣọ ìjọba àti ẹni tí kò wọ̀ ọ́, gbogbo wọn ni ń na ọwọ́. Náírà yóò di séfà. Bí o bá kọjá sí Gánà, séfà yóò di sídì. Èrè sì ń jò bí omi nínú apẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí a di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn nìkan. Ní oṣù November ọdún 1969, ìjọba Gánà lé àwọn àjèjì, àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Ọ̀fà sì fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Ní oṣù January ọdún 1983, àwa náà lé wọn. Àpò ẹrù tí a ń pè ní “Ghana Must Go” ṣì ń rántí rẹ̀. Láti oṣù August ọdún 2019 títí di December 2020, Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ pa. Ní oṣù January ọdún 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú ECOWAS.

Ohun kan tún wà tí ó súnmọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn baba wa sọ fún wa pé ogbó, àdá ogun Ọ̀ràngún, ni ó la ọ̀nà fún wa, tí a fi ń jẹ́ Ìgbómìnà: ogbó mọ̀nà. Ní ọjọ́ 28 oṣù September ọdún 2025, àwọn agbébọn kọlu Òkè-Ọdẹ, wọ́n sì pa nínú àwọn ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ ìlú. Láti Ìlọrin dé Òkè-Ọdẹ kò jìnnà rárá bí a bá fi wé Páríìsì sí Luxembourg, kò sì gba fisà. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n rìn wọ Jámánì láìsí ẹni tí ó bi wọ́n ní ọ̀rọ̀, wọ́n sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn kò lè lọ kí ilé baba wa láìkọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà ti rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ 29 oṣù May ọdún 1979 bí ẹ ti ń kọ́ wọn ní ọjọ́ òmìnira. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gba ìwé ìrìnnà ECOWAS àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ẹ mọ̀ pé 90 ọjọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ yín, kí ẹ sì máa béèrè rìsíìtì fún owó tí ẹ bá san. Kí ẹgbẹ́ ọjà máa sọ̀rọ̀ pọ̀, nítorí ohùn ẹnì kan kì í ṣí ọ̀nà. Ní ti ilé, ẹ jẹ́ kí àwa tí a wà lẹ́yìn odi àti ẹ̀yin tí ẹ wà nílé máa bi ìjọba ní ọ̀rọ̀ ààbò láìdákẹ́, kí a má sì gbàgbé àwọn opó àti ọmọ àwọn tí wọ́n kú lẹ́nu ìṣọ́. Ọ̀nà kì í ṣí fúnra rẹ̀. Ènìyàn ní ń ṣí i, ènìyàn náà ní sì ń ṣọ́ ọ.