Ọmọ ló kọ fọ́ọ̀mù, màmá ló máa dáhùn

Ẹ̀yin èèyàn, ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín màmá àti ọmọ nínú àwọn ilé kan lásìkò yìí, kì í ṣe owó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàwó. Fọ́ọ̀mù ni. Fọ́ọ̀mù téèyàn fi ń sọ fún ìjọba ìlú tó ń lọ pé orúkọ òun nìyí, ọ̀dọ̀ ẹni báyìí lòun máa dé sí, àwọn nǹkan báyìí ló sì wà nínú ẹrù òun.

Láyé ijọ́un, inú bàálù ni wọ́n ti ń pín in. Bó bá ti kù díẹ̀ kí bàálù balẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á gbé ìwé pélébé dé, kálukú á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá báírò kiri. Ìyá tí kò gbọ́ òyìnbó á na pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sí ẹni tó jókòó tì í: “Ọmọ mi, jọ̀ọ́ bá mi kọ ọ́.” Onítọ̀hún á máa ka ìbéèrè fún un lédè Yorùbá, màmá á máa dáhùn, wọ́n á kọ ọ́, ó parí. Ẹlòmíì ló mú báírò lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn ti ẹnu màmá jáde.

Ayé ti yí báyìí. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa ìwé pélébé tiwọn rẹ́ pátápátá lọ́dún 2019. Thailand ní tiwọn gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2025, wọ́n ní kí àlejò kọ ọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tó máa dé. Ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í gba kọ́bọ̀, síbẹ̀ àwọn gbájúẹ̀ ti ṣí ojú òpó ayédèrú tí wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ aláìmọ̀kan. Oṣù karùn-ún ọdún 2025 yẹn náà ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ fáwọn àjèjì. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, tó jẹ́ pé pásípọ́ọ̀tù òyìnbó nìkan ló fi ń wọlé, àjèjì ni nínú fọ́ọ̀mù yẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé oríkì rẹ̀ gùn ju ti òṣìṣẹ́ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ.

Amẹ́ríkà ṣì ní ìwé tirẹ̀, àmọ́ ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfuurufú wọn, ẹnu ni wọ́n fi ń béèrè báyìí. Bó ṣe ìwé, bó ṣe ẹnu, ìbéèrè kan náà ni: ṣé ẹ gbé oúnjẹ? Ṣé ẹ gbé ẹran? Ṣé ẹ dé oko láìpẹ́ yìí? Ṣé owó tó wà lọ́wọ́ yín ju 10,000 dọ́là lọ?

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ n'Ìbàdàn, tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ bímọ sí Atlanta. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó máa wọ bàálù, ẹrù ti kún pálọ̀. Èlùbọ́ wà níbẹ̀, ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀, ẹ̀gúsí lílọ̀ àti pọ̀nmọ́ wà níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó wà lóko tún yan odindi ọ̀yà kan ránṣẹ́, ó ní kí ìyàwó fi sebẹ̀, kí omi ọmú lè wá. Ni ọmọ bá pè lórí Wáásáàpù.

“Màmá, tí wọ́n bá bi yín léèrè níbí, ẹ ṣáà ti ní kò sí. ‘No, no’ lẹ máa sọ. Bí mo ṣe máa bá yín kọ ọ́ náà nìyẹn.”

“Kí ló dé tí màá fi purọ́? Ṣé mo jí i ni?”

“Ẹ ò jí i, Mà. Wọ́n á kàn dá yín dúró ni. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, mi ò lè máa dúró lẹ́nu ọ̀nà fún wákàtí mẹ́ta.”

Ọmọ yìí kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n màmá ló mòótọ́ ọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ka òfin òyìnbó kankan. Bí òfin wọn ṣe rí ni pé, ẹni tó bá sọ pé òun gbé ẹran, bó bá jẹ́ èyí tí wọn kò fẹ́, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á jù ú nù, onítọ̀hún á sì máa bá tirẹ̀ lọ láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní kò sí, tí wọ́n wá bá a nínú ẹrù rẹ̀, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 1,000 dọ́là nígbà àkọ́kọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ ilé lásán ni, tí kì í ṣe ọjà. Ẹ fi dọ́là yẹn lu iye tí wọ́n ń ta á lónìí kẹ́ ẹ tó sọ pé ọ̀yà kan kì í ṣe nǹkan.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. L'Atlanta, kò tó ogún ọdún. Ajá kékeré kan báyìí ni, elétí gbọọrọ, tí wọ́n ń pè ní beagle. Láti 1984 làwọn ará Amẹ́ríkà ti ń lò ó ní pápákọ̀ òfuurufú. Kì í gbó, kì í géni jẹ. Yóò kàn wá jókòó síwájú báágì màmá ni, ó tán.

Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù kì í ṣe ọbẹ̀ wa. Àrùn ẹlẹ́dẹ̀ kan wà tí kò gbóògùn, àti àrùn ẹnu òun pátákò tó ń ṣe màlúù, àwọn méjèèjì lè bá ẹran rìnrìn àjò dé ibi tí wọn ò sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bi èèyàn bóyá ó dé oko. Ti ẹran ìgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà ló tiẹ̀ le jù, wọn ò fẹ́ rí i rárá. Ẹja gbígbẹ ní tiẹ̀, wọ́n máa ń jẹ́ kó wọlé bó bá jẹ́ ti jíjẹ, kẹ́ ẹ ṣáà ti sọ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹrù àjọgbé tún ń bẹ. Kò sí ẹni tó ń lọ ìlú òyìnbó tí ará àdúgbò kì í gbé nǹkan wá bá. “Ẹ bá mi fún ọmọ mi, ìtòsí ibẹ̀ náà ló wà.” Texas lọmọ wà o! Ọ̀kan gbé tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ màmá elélùbọ́, ó ti fi sẹ́lótéèpù dì í bámú. Màmá ní kó tú u. Ó ní kí ló dé, ṣé wọn ò fọkàn tán òun ni? Màmá ní tí wọ́n bá bi òun léèrè, orúkọ òun ni wọ́n máa pè, kì í ṣe tìrẹ. Ìgbà tí wọ́n tú u, oògùn oníhóró bíi ọgọ́rùn-ún ló wà nínú ọ̀rá, kò sórúkọ, kò sí ìwé dókítà. Aládùúgbò yẹn kò tíì bá màmá sọ̀rọ̀ dòní.

Ẹ jẹ́ kó máa bínú. Ní 2018, wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Saudi Arabia torí oògùn olóró tó wà nínú báágì tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Báágì náà kì í ṣe tirẹ̀ rárá, àwọn oníṣẹ́ ibi ló lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn ní pápákọ̀ òfuurufú Kánò. Ó di 2019 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ẹrù ẹlẹ́rù nìyẹn, ká má tíì sọ ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e.

Ti owó kò le. 10,000 dọ́là yẹn kì í ṣe pé ẹ ò gbọdọ̀ gbé jù bẹ́ẹ̀, wọn ò sì ní gba owó orí lórí rẹ̀. Kẹ́ ẹ ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ ni, èèyàn tiẹ̀ lè kọ ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó kúrò nílé. Tọkọtaya tó bá pín owó sí báágì méjì, àpapọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa kà. Nílé níbí náà, òfin ọdún 2022 tó de àwọn tó ń fọ owó ní kẹ́ ẹ sọ fáwọn kọ́sítọ́ọ̀mù bó bá ti ju iye yẹn lọ.

Èyí tó fẹ́ bà jẹ́ gan-an ni ti iye ọjọ́. Nínú fọ́ọ̀mù físà tí ọmọ kọ́kọ́ kọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kọ síbẹ̀. Màmá ní tiẹ̀ ti sọ fún gbogbo ọjà pé títí ọmọ á fi máa rá kòrò lòun máa lò. Fọ́ọ̀mù yẹn kan náà sì béèrè bóyá ẹnì kan bá ẹni tó ni ín kọ ọ́, ọmọ ní rárá. Bí irú ọ̀rọ̀ méjì bẹ́ẹ̀ bá pàdé níwájú òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n, ó lè lé èèyàn padà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì lé báyẹn, ọdún márùn-ún gbáko ni kò ní í lè padà wọlé, àfi tí wọ́n bá fún un láṣẹ àkànṣe.

Màmá ní kí ọmọ pe òun padà lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, kó ka gbogbo rẹ̀ sí òun létí ní Yorùbá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lé ní wákàtí kan tí wọ́n fi ṣe é. “No” tó wà níwájú oúnjẹ di “Yes.” Èlùbọ́, ẹja àti ẹ̀gúsí wà lórí ìwé, pọ̀nmọ́ kúrò nínú báágì. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ pa fóònù, ọmọ béèrè pé ọ̀yà ńkọ́.

“A ti jẹ ẹ́ lálẹ́ àná.”