Ọgbọ̀njọ́ Oṣù Kọkànlá, Ọjọ́ Tí Gàrí Ìyá Àgbà Jó

Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà kò ju àkọ́bí ọmọ-ọmọ mi lọ. Wọ́n ń kọ orúkọ ará ìlú sílẹ̀ fún káàdì tuntun, a sì ti tò láti ìdájí, èmi àti àwọn arúgbó ẹgbẹ́ mi, ẹni tó gbé àpótí wá jókòó lé e, ẹni tí kò gbé nǹkan wá fara ti ògiri. Nígbà tó kàn mí, ó ní, "Bàbá, ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?" Mo na ìwé mi àtijọ́ sí i, èyí tí Faransé kọ "né vers 1951" sí, ìyẹn ni pé wọ́n bí mi ní nǹkan bí 1951. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ òun kò mọ "nǹkan bí", ọjọ́ àti oṣù ló mọ̀. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó bá mi kọ ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá. Ó ní ṣé ọjọ́ náà gan-an nìyẹn. Mo ní rárá o, ọjọ́ tó wù mí ni. Ó mirí, ó tẹ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ó ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀. Bí mo ṣe di ọmọ ọjọ́ ọdún tuntun nìyẹn. Láti ìgbà náà, tí ọdún bá ti yí, àwọn ọmọ-ọmọ mi a gbé àkàrà òyìnbó dé, wọ́n a tan àbẹ́là sí i lórí, wọ́n a ní kí n fẹ́ ẹ pa. Èmi náà a sì fẹ́ ẹ. Ta ni yóò ba ọmọdé nínú jẹ́ nítorí àbẹ́là?

Ní Tákọ̀n tí mo ti rí ayé, kò sẹ́ni tó ń ka ọjọ́ lára ògiri. Ọjọ́ ọjà là ń kà, ọrọọrún, tí ọjà bá ná lónìí, a ó ka ti ìlú tó kàn, títí ti wa yóò tún fi yípo dé. Ọdún ńkọ́? Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ la fi ń pè é. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà eéṣú, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí irin ọkọ̀ dé Pọ́bẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí ìgbóná jà. Bí o bá bi ìyá mi léèrè ọjọ́ tó bí mi, yóò sọ fún ọ pé òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà ni, pé òjò ti ń ṣú, pé igbá ẹ̀kọ wà lórí òun tí ọmọ fi mú òun. Ó mọ ọjọ́ náà ju bí mo ṣe mọ ọjọ́ kankan lọ. Nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Ìjọba ni ó ń gbé ọjọ́ onínọ́ńbà wá bá wa. Èyí tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ni ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1960, ọjọ́ Ajé ni, nígbà tí Hubert Maga kéde òmìnira Dàhòmì, ilẹ̀ wa, lọ́wọ́ Faransé. Ohun tí mo rántí níbẹ̀ kò ju àsíá aláwọ̀ mẹ́ta, àti ẹ̀wà nínú ìkòkò tó tóbi ju èmi lọ, àti àbúrò bàbá mi kan tó ti Àjàṣẹ́ dé tí ohùn rẹ̀ ti há, tó sì ń rùn fún sódàbì. Lẹ́yìn oṣù méjì, àwọn ará wa ní Ìpókíá àti Ìdí-Ìrókò gba òmìnira tiwọn lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, a tún kọjá sí ọ̀hún lọ jẹ ẹran. Ẹ̀ẹ̀mejì la gba òmìnira lọ́dún kan náà, ẹnu wa sì dùn débi pé a rò pé ọdọọdún ni yóò máa rí bẹ́ẹ̀.

Òmìnira tán, ó di ọ̀rọ̀ sójà. Ẹ wá wo nǹkan tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo di olùkọ́, tí mo wá ń kọ ọjọ́ sára pátákó fún àwọn ọmọ. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá 1963, sójà gba ìjọba. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejìlá 1965, sójà tún gbà á. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejìlá 1967. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá 1969. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá 1972. Gbogbo rẹ̀, láti ìgbà tí òjò bá ń palẹ̀ mọ́ títí di ìgbà ọyẹ́! Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, tí kò mọ A yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ àkàbà, ti rí i ṣáájú mi. Tí ètè bá ti ń là lára ọyẹ́, yóò ní, "Àjàní, ó ti tó àsìkò tí àwọn ọmọ oníbọn ń yá iná o."

Ti 1972 yẹn ni ti Kérékou, ọmọ ìhà Natitingou ní òkè lọ́hùn-ún. Àwọn àgbà mẹ́ta, Maga, Apithy àti Ahomadégbé, ni wọ́n ń jẹ ìjọba ní àjọjẹ nígbà náà, ẹnì kan yóò ṣe ọdún méjì, yóò gbé e fún ìkejì, bí ẹni ń yí ìṣáná ká lórí taba. Orí ìpàdé ni sójà bá wọn ní Kútọnu. Kò tíì pé oṣù méjì tí Kérékou fi mú ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ náà ní 1972 ló sọ ètò ìjọba rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọjọ́ náà ní 1974 ló dúró ní pápá Goho ní Àgbómè, tó ní ọ̀nà Marx àti Lenin ni a ó máa tọ̀. Ní 1975 ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú ni. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ pupa Tákọ̀n ti ń di lẹ́búlẹ́bú, ẹsẹ̀ gbogbo wa pọ́n bí ẹni tẹ epo. Mo wálé lọ kí ìyá àgbà, mo bá a lẹ́yìn ilé nídìí gàrí. Àpò ẹ̀gẹ́ rírin méjì wà lábẹ́ òkúta, omi kíkan ń kán tó tó tó lára wọn, ó ń wá ọ̀nà lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọdé ń bó ẹ̀gẹ́ tuntun, adìyẹ ń ṣa èépo, ewúrẹ́ kan tí wọ́n lé lọ lẹ́ẹ̀mẹta tún ń padà bọ̀. Èéfín igi ọ̀pẹ ń ta ojú, òórùn gàrí tútù tó ń di gbígbẹ sì gba gbogbo àgbàlá, òórùn tó jẹ́ pé bí mo bá kú tí wọ́n gbé e sí mi nímú, mo lè tún dìde. Ìyá àgbà jókòó lórí àpótí, ìró lókè àyà, àfọ́kù igbá lọ́wọ́, ó ń ro gàrí nínú àgbadà, ṣá, ṣá, ṣá. Ọwọ́ yẹn kì í dúró. Ó máa ń sọ pé gàrí dà bí ọmọ ọwọ́, ìgbà tí o bá gbójú kúrò ló ń ṣubú.

Rédíò kan ṣoṣo ló wà ní agbo ilé wa, ti Bàbá Télọ̀. Bí bátìrì rẹ̀ bá ti rẹ̀ ẹ́, wọn a sá a sórí páànù kí oòrùn fún un lókun. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan tó ti jókòó díẹ̀ ní lẹ́kọ́ọ̀lì Faransé ló sáré yọ sí wa láti ẹ̀yìn ògiri.

"Ìyá àgbà! Kò sí Dàhòmì mọ́ o! Bẹ̀nẹ̀ la ń jẹ́ láti òní lọ!"

Ṣá, ṣá. Ọwọ́ dúró.

"Ta ló ṣẹ́gun wọn?"

"Kò sẹ́ni tó jagun, ìyá. Kérékou ló yí orúkọ padà. Rédíò ló sọ ọ́."

"Ẹnu lásán?"

"Ẹnu lásán, ìyá."

Ìyá àgbà ń wo inú àgbadà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe gàrí ló ń rí. Ìyá tó bí i wá láti ìhà Kétu. Ọmọbìnrin kékeré ni nígbà tí ogun Dàhòmì fọ́ Kétu ní 1886, tí wọ́n kó èèyàn lọ sí Àgbómè bí ẹni kó àgbàdo. Inú igbó ni ẹnì kan gbé e gbà pọ̀n dé ìhà tiwa níhìn-ín, kò sì rí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ láyé. Nígbà tí ìyá àgbà wà ní kékeré, bí ọmọ bá ń sunkún lóru, orúkọ Dàhòmì ni wọ́n fi ń pa á lẹ́nu mọ́. Faransé wá dé, ó ṣẹ́gun Gbẹ̀hánzìn, ọba Dàhòmì, ó lé e lọ sí ìlú òkèèrè, ó sì wá fi orúkọ ilé rẹ̀ sọ gbogbo wa pátá, àti ajá tó ń lé, àti ehoro tó ń sá. Ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìyá àgbà fi ń jẹ́ ọmọ Dàhòmì lórí ìwé owó-orí, tí ẹnikẹ́ni kò bi í bóyá ó wù ú.

Òórùn ló jí wa. Gàrí ti jó. Ìdí àgbadà ti dúdú, èéfín rẹ̀ korò lọ́fun, àwọn ọmọdé sì dákẹ́, nítorí wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ìyá àgbà gbé àgbadà sọ̀kalẹ̀, ó fi ọwọ́ kó gàrí náà sínú igbá, ó ní kò sẹ́ni tí yóò gbé e dé ọjà. Òun nìkan ló jẹ ẹ́ tán, fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú omi tútù. Bí ẹnì kan bá béèrè ìdí rẹ̀, yóò ní, "Gàrí òkú Dàhòmì ni mò ń jẹ."

Kí n má purọ́ fún yín o. Orúkọ tuntun náà kì í ṣe tiwa. Bìní tòótọ́ wà ní Nàìjíríà, wọ́n ní ọba wọn àti ààfin wọn. Orúkọ tí òyìnbó ń pe apá òkun yìí láti ọjọ́ pípẹ́ ni Kérékou mú, kí Fọ̀n má baà sọ pé ti òun ni, kí Bàrìbá má baà bínú, kí Nàgó má baà ráhùn. Nígbà tí mo tún dé Ìpókíá, àwọn àna mi dọ̀bálẹ̀ fún mi láwàdà, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, ọmọ Ọba Bìní!" Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ni, ọmọ Àgbómè, kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Orúkọ ilé bàbá mi lẹ ń jó lé lórí yẹn." Mo wá èsì títí, n kò rí. N kò tíì rí i títí dòní.

Báyìí ni ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá ṣe di ọjọ́ ọdún orílẹ̀-èdè. Èmi náà kó ọmọ ilé-ìwé jáde lọ yan nínú oòrùn Sakẹ́tẹ́, nínú kakí, àsíá tutù bí ewé, ìràwọ̀ pupa ní igun rẹ̀. "Ehuzu" la ń kí ara wa, ìyẹn ni pé nǹkan ti yí padà lédè Fọ̀n. Ìwé ìròyìn ìjọba pàápàá fi í jẹ́ orúkọ. Ó ní ohun tó dára níbẹ̀: àwọn ọmọ mọ ọkọ́ í dì mú, ilé-ìwé ní oko, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé àti ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ adẹ́mu jọ ń tu ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n rédíò kan náà tó mú inú ìyá àgbà dùn ló ń gbé ohùn àwọn ìyá arúgbó sáfẹ́fẹ́ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, tí wọ́n ń jẹ́wọ́ àjẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí wọ́n fi gbà á lẹ́nu wọn. Wọ́n gé igi ìrókò káàkiri. Ìyá àgbà ti ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, kò jáde àyàfi lóru. Obìnrin tó jẹ gàrí òkú Dàhòmì, àwa la ń gbé omi lọ bá a nínú yàrá.

Nígbà tó fi máa di ìparí 1989, báǹkì ti wó, a ti ṣe oṣù mélòó kan láìrí owó oṣù, ìyàwó mi ló ń fi epo àti gàrí bọ́ olùkọ́. Ìpàdé ńlá Kútọnu ní oṣù kejì 1990, èyí tí Mọnsẹ́ńyọ̀ Isidore de Souza jẹ́ alága rẹ̀, jókòó láti ọjọ́ kọkàndínlógún títí dé ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Wọ́n dìde tán, ìràwọ̀ pupa ti lọ, àsíá aláwọ̀ mẹ́ta ti padà, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ gba ipò rẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ nìkan ni wọn kò yí. Ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá wá di ọjọ́ lásán, bí ìjòyè tí wọ́n rọ̀ lóyè tó ń tò lọ́jà ra iyọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, mi ò bá yín jà. Fóònù yín ń sọ ọjọ́ fún yín, Facebook ń rán yín létí ọjọ́ ìbí ẹni tí ẹ kò bá pàdé rí, ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Pọtogí. Mo bi ọ̀kan nínú yín lọ́dún tó kọjá pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá, ó tẹ fóònù, ó ka mẹ́ta fún mi láìmí, ó ní, "Ó tán, Bàbá àgbà." Ó sì pé lóòótọ́, kò ṣì í sọ. Mo ní ta ni ìyá ìyá mi àgbà, níbo ni wọ́n ti gbé e pọ̀n wá? Ó ní ìyẹn kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an, ìyàwó ọmọ mi ń din gàrí lẹ́yìn ilé. Ẹ̀rọ ló ń rin ẹ̀gẹ́ fún un báyìí, ṣùgbọ́n àfọ́kù igbá ni ó fi ń rò ó síbẹ̀. Mo gbé àga mi lọ sẹ́bàá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, èéfín yóò pọ̀ fún yín níbí. Kí lẹ ń wò?"

Mo ní kó máa ro gàrí rẹ̀ lọ, kó má jẹ́ kó jó.