Kámúṣáàfù Tuntun, Tápẹ́ẹ̀tì Àlòkù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wa Volkswagen Ìjàpá, ẹ gbọ́ o! Kámúṣáàfù ló ń ti tápẹ́ẹ̀tì, tí fáàfù fi ń ṣí. Bó bá ti jẹ, ọkọ̀ ò ní lágbára mọ́. Kí mẹkáníìkì tó lè pààrọ̀ ẹ̀, àfi kó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, kó la ikùn ẹ̀ sí méjì. Iṣẹ́ ńlá ni! Ibẹ̀ ni ọlọ́kọ̀ ti máa ń bẹ̀bẹ̀: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá tápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ padà.” Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í gbà. Ìyá aláta kì í da ata jíjẹrà mọ́ tuntun. Tápẹ́ẹ̀tì tó ti jẹ yóò ba kámúṣáàfù tuntun jẹ́ kíákíá. Mẹ́jọ péré ni. Ẹ ra gbogbo ẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ owó tápẹ́ẹ̀tì lónìí, owó ẹ́ńjìnnì ni yóò san lọ́la.