Ẹ̀RỌ ÌLÙ TÍ MO Ń KỌ́ NÍ AJAH

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ẹ̀rọ ìlù Akai MPC. Ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ajah ni tíṣà mi. Ọdún 1988 ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde. Bọ́tìnì rọ́bà mẹ́rìndínlógún ló wà lójú rẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin ní ìlà mẹ́rin. Ó fẹ́ jọ ọpọ́n ayò, bí ihò ayò kò tilẹ̀ ju méjìlá lọ. Ohùn tí o bá gbà sínú bọ́tìnì ni yóò máa dún.

Ohùn dùndún mẹ́ta ni mo gbà sínú tèmi: dò, re, mí. Bí mo bá tẹ re-re, igba náírà ni. Re-mí, igbá ẹ̀kọ. Dò-dò, ìgbà òjò. Ariwo lásán kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo fẹ́ kó fọhùn. “Ọ̀rẹ́” ló ṣì le: onídùndún a fún okùn ìlù mọ́ra, ohùn a sì yọ́ gòkè. Bọ́tìnì mi ń fò ni.