Ẹni Tí Ó Ti Ní Fóònù, Kí Ni Ó Fẹ́ Fi Smartwatch Ṣe?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wu ni ní ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ó wu ènìyàn nìkan ni a fẹ́ rò, ọ̀rọ̀ kì bá tí pọ̀ ní ilé opó kan ní Barakallahu, nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ dé fún ìsinmi. Ohun kan wu ọmọ. Àìsàn ìyá sì ni ó fẹ́ fi ṣe ìdí tí yóò fi rà á.

Barakallahu wà ní apá àríwá ìlú Kaduna, lójú ọ̀nà Zaria, ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi. Àdúrà ni orúkọ rẹ̀, pé kí Ọlọ́run bù sí i; ọmọ ìyá kan náà ni òun àti alùbáríkà tí Yorùbá ń tọrọ sórí owó àti ọmọ. Èlùbọ́ ni opó yìí ń tà níbẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí àìsàn àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra. Ó yẹ kí ó máa gún orí ìka rẹ̀ láràárọ̀, kí ó kán ẹ̀jẹ̀ sí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀rọ àyẹ̀wò, kí ó sì mọ iye ṣúgà tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kórìíra abẹ́rẹ́ náà, bébà rẹ̀ kò sì fi owó rẹlẹ̀. Nígbà mìíràn, ọ̀sẹ̀ kan a kọjá kí ó tó tún yẹ ara rẹ̀ wò.

Àkọ́bí rẹ̀ ní fóònù ìgbàlódé tirẹ̀, èyí tí ó ń fi gba àtẹ̀jíṣẹ́, tí ó ń fi kàwé, tí ó sì ń fi mọ ohun tí aago lù. Síbẹ̀, aago ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní smartwatch ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Mélòó kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ti so ó mọ́ ọwọ́. Bí ìpè bá wọlé, aago a gbọ̀n. Ẹni tí ó ni ín a gbé ọrùn ọwọ́ sókè wẹ́rẹ́, a wò ó fìrí, a sì sọ ọwọ́ kalẹ̀ bí ẹni tí ayé ń dúró dè. Owó irun dídì tí ọmọbìnrin yìí ti ń tù jọ láti èṣín sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra ọ̀kan nínú èyí tí kò wọ́n púpọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ya ọ̀dọ̀ ọlọ́jà fóònù kan ní Kawo. Ọkùnrin náà fi Haúsá polówó ọjà rẹ̀ dáadáa. Ó ní aago náà ń ka ìṣísẹ̀, ó ń ka lílù ọkàn, ó ń ka ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó sì tún ń ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìfi abẹ́rẹ́ gún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ó dá ọmọbìnrin náà dúró. Ó sáré padà sílé bí ẹni tí ó rí oògùn.

“Màmá, ẹ ò ní gún ìka mọ́ o,” ni ó wí, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Ìyá rẹ̀ fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ tán. “Ọmọ mi,” ni ó dá a lóhùn, “kí ni fóònù ọwọ́ rẹ kò lè ṣe tí o fi fẹ́ kí aago wá ṣe é? Bí ó bá jẹ́ nítorí ìka tèmi ni, lọ yá ọ̀kan wá ná. A kì í tìtorí adùn ẹnu ọlọ́jà ra ohun tí a ó fi tọ́jú ẹ̀mí.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní àdúgbò ní irú aago kan náà gan-an. Ó yá a fún ọ̀sẹ̀ kan. Báyìí ni ìbéèrè ìyá ṣe di iṣẹ́ ìwádìí fún ọmọ.

Ohun tí ó kọ́kọ́ hàn sí i ni pé ìtàn aago àti fóònù ń yí po ni. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi bọ́ aago ọwọ́ sílẹ̀, nítorí pé fóònù ń sọ aago fún wọn. Nígbà tí ó di ọdún 2012, àwọn kan tí wọ́n fẹ́ ṣe aago Pebble ní Amẹ́ríkà tọrọ owó ìbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó tí wọ́n rí kó jọ lé ní mílíọ̀nù 10 dọ́là. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015 ni Apple gbé tirẹ̀ jáde sí ọjà. Fóònù tí ó lé aago kúrò lọ́rùn ọwọ́ ni ó tún ránṣẹ́ pè é padà, pé kí ó wá máa bá òun jíṣẹ́.

Ìjíṣẹ́ náà ni iṣẹ́ rẹ̀. Bluetooth ni ó so ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn pọ̀ mọ́ fóònù, okùn àìrí yìí kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju nǹkan bí mítà 10 lọ nínú ilé. Bí fóònù bá wà ní Barakallahu tí aago sì lọ sí Kawo, ìpè kankan kò ní dé orí aago náà, àfi bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ó wọ́n, tí ó ní ìlà ìpè tirẹ̀ nínú. Kì í sì í ṣe gbogbo aago ni ó ń gbọ́ ti gbogbo fóònù: aago Apple kò lè bá fóònù Android ṣe rárá. Bí a bá sì rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Aago kò lè fi tọmọ jẹ́ ohunkóhun. Ohun tí fóònù bá wí náà ni yóò wí.

Kì í ṣe pé kò wúlò. Ní ọjọ́ kejì tí ó so ó mọ́ ọwọ́, ọmọbìnrin náà gba gáréèjì Kawo kọjá láàárín èrò, fóònù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ báàgì, aago sì fi hàn án pé àbúrò rẹ̀ ni ó ń pè. Kò yọ fóònù síta kí olè tó rí i. Nígbà tí fóònù náà há sáàárín àpò èlùbọ́ méjì, aago ni ó mú kí ó dún tí wọ́n fi rí i. Àǹfààní wà nínú rẹ̀ fún àwọn aláìsàn kan pẹ̀lú. Láti ọdún 2017 sí 2019 ni Yunifásítì Stanford àti Apple fi ṣe ìwádìí lára àwọn ènìyàn tí ó lé ní 400,000. Aago kìlọ̀ fún nǹkan bí ènìyàn 5 nínú 1,000 pé ọkàn wọn lè máa lù ní ségesège. Ìkìlọ̀ náà sì tó ohun tí ènìyàn ń gbé tọ dókítà lọ. Ṣùgbọ́n aago olówó ńlá tí àwọn onímọ̀ ti dán wò ni èyí, kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ń tàn yòò lórí àtẹ.

Ní ti ìṣísẹ̀ tí gbogbo ènìyàn fi ń yangàn, fóònù inú báàgì ti ń kà á tẹ́lẹ̀. Ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀ lóòjọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń lé kì í ṣe òfin tí dókítà kan gbé kalẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Orúkọ ẹ̀rọ akàṣísẹ̀ kan tí wọ́n tà ní Japan ní ọdún 1965 ni ó ti wá.

Ìnáwó rẹ̀ kò sì parí sórí ọjà. Aago lásán a lo bátìrì kan fún ọdún púpọ̀. Wákàtí 18 ni Apple ṣèlérí nígbà tí ó kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ jáde. Àwọn mìíràn a máa lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni wọ́n ń jẹ iná mànàmáná. Nínú ilé tí fóònù mẹ́ta ti ń du iná ní wákàtí díẹ̀ tí ó bá dé, ẹnu kẹrin ni aago. Ní ti olùkọ́, aago tí ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ bí ó ti ń kọ àmì ohùn sójú pátákó yóò máa fa ojú rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ kúrò nínú iṣẹ́. Bákan náà ni kò sí ẹni tí yóò gbé e wọ gbọ̀ngán ìdánwò JAMB.

Síbẹ̀, gbogbo ìwọ̀nyí ì bá fò ó dá bí ti ṣúgà bá jẹ́ òtítọ́. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, aago kọ 96 fún ìyá. Ní ọ̀sán, lẹ́yìn àmàlà, ó kọ 98. Ní òwúrọ̀ kejì, 95. Inú ìyá dùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ó gbé oògùn rẹ̀ jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo ojú aago, ó sì dá oògùn náà padà sínú rẹ̀.

“Ara mi ti yá,” ni ó wí. “Kí ni mo tún fẹ́ fi oògùn ṣe?”

Ẹ̀rù ba ọmọ. Bébà àyẹ̀wò méjì péré ni ó kù nínú ilé. Ó bẹ ìyá rẹ̀, ó gún un ní orí ìka, ó sì kán ẹ̀jẹ̀ sí ọ̀kan. Aago kọ 97. Ẹ̀rọ kọ 251. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá na ọwọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù, tí ó mú oògùn rẹ̀, tí ó sì gbé e mì láìsọ ohunkóhun.

Àbúrò ọmọbìnrin náà ni ó wá fi eré mú òdodo jáde. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan láti inú agbọ̀n, ó so aago mọ́ ọn, ó sì tẹ̀ ẹ́. Aago tan iná aláwọ̀ ewé sí ara ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó rò ó, ó sì kọ ọ́ pé ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 74 láàárín ìṣẹ́jú kan, pé ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 96.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni ó ké, “ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí kò ní àtọ̀gbẹ o!”

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò lè rẹ́rìn-ín.

Ohun tí ó fa èyí kò ṣòro láti lóye. Iná kékeré tí ó wà lábẹ́ aago ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ti ń pọ̀ tí ó sì ń dínkù lábẹ́ awọ bí ọkàn ti ń lù. Lílù náà ni ó lè rí. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tí irú iná bẹ́ẹ̀ lè rí wọ̀n, àwọn aago mìíràn a kàn máa kọ iye tí ó bá dùn mọ́ olówó wọn nínú. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2024, FDA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, kìlọ̀ pé òun kò tí ì fọwọ́ sí aago tàbí òrùka kankan tí ó ń fúnra rẹ̀ wọn ṣúgà láìgún awọ. Ó ní ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé e lè ṣi oògùn lò, ìyẹn sì lè yọrí sí ikú. Ti ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ awọ, tí ó wá ń fi iye ránṣẹ́ sójú aago, yàtọ̀. Ẹ̀rọ abẹ́ awọ ni ó ń wọn nǹkan níbẹ̀, aago ń jíṣẹ́ lásán ni.

Ó tún yẹ kí aláwọ̀ dúdú ṣọ́ra ní ti afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí aago náà ń fi iná kà. Ní ọdún 2020, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹ̀rọ ilé ìwòsàn pàápàá, èyí tí wọ́n ń fi há ìka, fojú fo àìtó afẹ́fẹ́ lára àwọn aláìsàn dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Bí ti ilé ìwòsàn bá lè ṣì í, kí ni a ó wí nípa ti orí àtẹ?

Ọmọbìnrin náà dá aago padà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ó sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún un, nítorí pé ìyá ọ̀rẹ́ náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó wá mú owó irun dídì, ó ra páálí bébà àyẹ̀wò méjì àti abẹ́rẹ́ tuntun. Nínú ìyókù, ó ra aago ọwọ́ lásán kan tí yóò máa fi mọ àkókò nínú kíláàsì.

Nígbà tí ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bi í bóyá ó tọ́ kí ẹni tí ó ti ní fóònù ra smartwatch, kò ní kí wọ́n má rà á. Ó ní kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó lè yọ fóònù rà á, bí agbára rẹ̀ bá ká a. Kí ẹni tí dókítà bá ní kí ó máa ṣọ́ ọkàn rẹ̀ ra èyí tí wọ́n ti dán wò. Ẹni tí ó bá wù lásán lè rà á pẹ̀lú, kí ó ṣáà mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ni òun rà. Ó wá ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe so ó mọ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ dípò oògùn.

Ní alaalẹ́ ni ó ń pe ilé. Kì í béèrè ọjà kí ó tó béèrè iye tí ẹ̀rọ kọ. Bí iye náà bá ga, ìyá a kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àbúrò a sì gba fóònù, a kà á sókè ketekete.