Ẹ̀rí Mi Lórí Báìtì Mẹ́ta

Mo wá jẹ́rìí sí ohun tí èdè C fi hàn mí nípa Yorùbá wa. Mo jẹ́wọ́ pé ó pẹ́ tí mo ti gbà lọ́kàn ara mi pé èdè wa àti kọ̀ǹpútà kò bára mu. Ọ̀rọ̀ tí mo fi àmì sí dáadáa á di àmì ìbéèrè, á di àpótí tó ṣófo, ojú á sì tì mí, bí ẹni pé èdè náà ló jẹ̀bi.

Iṣẹ́ kékeré kan ló là mí lójú: ká da fáìlì kan kọ sínú òmíràn, ká sì sọ gbogbo lẹ́tà kékeré inú rẹ̀ di ńlá. Mi ò lo fopen. open, read, write àti close, tó ti wà láti ìgbà tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ti ń kọ́ Unix, ni mo mú. open á fún yín ní nọ́ńbà kan tó dúró fún fáìlì yín. read á bu báìtì sínú àyè tí ẹ yà sílẹ̀, á sì sọ iye tó rí bù: tó bá sọ 0, fáìlì ti tán, tó bá sọ -1, nǹkan ti bàjẹ́. write lè má kọ gbogbo ohun tí ẹ gbé fún un tán; ẹ̀yin lẹ máa kọ ìyókù.

Nígbà tí mo dà á kọ lásán, àmì kankan kò sọnù. Báìtì kì í béèrè èdè. Lẹ́tà ńlá ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Báìtì kan ṣoṣo ni toupper, tó ń sọ lẹ́tà kékeré di ńlá nínú C, ń wò lẹ́ẹ̀kan, ni “ọmọ” bá jáde bíi “ọMọ”.

Mo wá tú báìtì náà wò. Nínú UTF-8, ìlànà tó ń sọ lẹ́tà di báìtì, tí Thompson àti Rob Pike ṣe ní 1992, ọ jẹ́ E1 BB 8D, Ọ sì jẹ́ E1 BB 8C. Báìtì ìkẹyìn ló fi ẹyọ kan dín! Lẹ́tà ẹ bọ́ láti B9 sí B8, ṣ láti A3 sí A2. Àmì ohùn orí ọ́, CC 81, dúró sáyè rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní láti fọwọ́ kàn án. Inú mi dùn débi pé mo dìde lórí ìjókòó.

Ìṣọ́ra kan ló kù. Tí ẹ bá ń bu 4096 báìtì lẹ́ẹ̀kan, E1 BB lè bọ́ sí ìparí ìbù kan, kí 8D wà nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ di méjì àkọ́kọ́ mú títí ìkẹta á fi dé.

Ẹ̀rọ kò kórìíra èdè wa. Ẹni tó kọ ètò ni kò fi ọ̀rọ̀ wa dán an wò. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní C, mo bẹ̀ yín, fáìlì Yorùbá tó ní àmì pé ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún wọn.