Ọjọ́ Kan ní Róòmù: Ojúbọ Wà, Àwòrò Ò Sí

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun máa ń béèrè ibi tí àwọn lè lọ nígbà ìsinmi. Bí owó ọkọ̀ bá wà, èmi á ní kí wọ́n lọ sí Róòmù, olú-ìlú Ítálì. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo lò níbẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò sì tíì gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kan àwa aborìṣà gbọ̀ngbọ̀n.

Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kí ẹ sọ̀ ní Colosseo. Bí ẹ bá ti jáde báyìí, ilé ìran ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 80 lẹ ó kọ́kọ́ fojú kàn. Ibẹ̀ ni èrò ń wọ́ lọ. Ẹ wò ó, ẹ ya fọ́tò, àmọ́ ẹ má lo gbogbo okun yín tán síbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ náà ló ń mú èèyàn wọ Forum tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ojúde ìlú àtijọ́, níbi tí ọjà, ilé ẹjọ́ àti ojúbọ ti wà pọ̀.

Nínú Forum, ẹ wá ibi tí òpó mẹ́ta dúró sí pẹ̀lú ègé ògiri tó tẹ̀ bí ògiri ilé róbótó. Ojúbọ Vesta nìyẹn, òrìṣà iná ààrò. Obìnrin 6 ló ń tọ́jú iná rẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó kú. Èyí tó bá jẹ́ kó kú, ẹgba ni. Láti ọmọ ọdún 6 sí 10 ni wọ́n ti ń mú wọn, ọdún 30 ni wọ́n sì fi ń sìn láìní ọkọ. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe pín in o: ọdún 10 láti kọ́ṣẹ́, ọdún 10 láti ṣe é, ọdún 10 láti fi kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá ti jókòó kọ́ Ifá lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ rìn síwájú díẹ̀, ẹ ó rí tẹ́ḿpìlì tí wọ́n kọ́ fún ọba Antoninus àti olorì rẹ̀, Faustina. Àwọn òpó àtijọ́ ṣì wà níwájú, ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lẹ́yìn wọn. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì náà ga fíofío, àtẹ̀gùn tẹ́ḿpìlì ò dé ibẹ̀. Erùpẹ̀ ti bo ojúde yẹn mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe ilẹ̀kùn náà. Nígbà tí àwọn awalẹ̀ kó erùpẹ̀ kúrò, ilẹ̀ àwọn baba ńlá wọn jáde nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn wá dá wà lókè.

Lọ́sàn-án, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé Pantheon. Kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ má da owó sórí omi rírà: ẹ̀rọ omi tútù wà káàkiri ìgboro, ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ ilé náà túmọ̀ sí ilé gbogbo òrìṣà. Nílé ayé ọba Hadrian ni wọ́n kọ́ ọ parí, ní nǹkan bí ọdún 126. Òrùlé rẹ̀ dà bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé: fífẹ̀ rẹ̀ ju mítà 43 lọ, gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ sì bá a dọ́gba. Wọ́n dá ihò sí àárín òrùlé, òjò ń rọ̀ wọlé, ihò kéékèèké inú ilẹ̀ sì ń gbà á lọ. Ní ọdún 609 ni wọ́n sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí dòní. Ẹ má fi ìyẹn bínú. Pé wọ́n ń lò ó wà lára ohun tí kò jẹ́ kó wó bíi ti àwọn yòókù.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé orúkọ àwọn òrìṣà yẹn ò kúrò lẹ́nu ará ìlú. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ lédè Ítálì, martedì, ti Mars ni. Mercoledì, ti Mercury. Venerdì, ti Venus. Ọmọdé ń pè wọ́n, kò sẹ́ni tó ń rántí ìbọ. Àwa náà ní Ọjọ́ Awo, Ọjọ́ Ògún, Ọjọ́ Jàkúta àti Ọjọ́ Ọbàtálá. Mélòó nínú àwọn ọmọ yín ló lè kà wọ́n tẹ̀ léra?

Ta ló pa iná Vesta? Ọba ni. Owó ìlú ló ń gbé ojúbọ náà ró. Ní ọdún 382, ọba Gratian gba owó ọ̀hún kúrò. Ní 392, Theodosius fi òfin de ẹbọ, títí kan tùràrí àti ọtí tí olúkúlùkù fi ń bọ òrìṣà inú ilé rẹ̀. Kò pẹ́ sí i, iná kú.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kọ́. Ní Brasil àti Kúbà, wọ́n lé ẹ̀sìn tiwa náà kiri, ọlọ́pàá ń ya wọlé, wọ́n ń kó ìlù lọ. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ ò ní ọba tó ń gbọ́ bùkátà ojúbọ wọn. Inú ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ, ìyá ń gbé e fún ìyàwó òrìṣà. Ilé Casa Branca ní Salvador ṣì ń bọ òrìṣà. Ní 1984, ìjọba Brasil fúnra rẹ̀ kọ ọ́ mọ́ ogún orílẹ̀-èdè.

Inú ìwé UNESCO kan náà ni àárín ìlú Róòmù, láti 1980, àti igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, láti 2005, jọ wà. Àlejò ń lọ wo méjèèjì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ní Òṣogbo, bí oṣù August bá dé, Arugbá á gbé igbá.

Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹni tó bá kó ọmọ lọ sí Róòmù, kó mú un dé ojúbọ Vesta, kó sì ka ọdún 30 yẹn fún un. Lẹ́yìn náà, kó wo ilé tirẹ̀: ta ló wà nínú ọdún 10 àkọ́kọ́? Bí kò bá sí ẹnì kankan, ọjọ́ Awo tó ń bọ̀ yìí ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.